Lẹ́tà Tó Sùn Sínú Báàgì: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tta

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kò tíì lù tí ariwo ti gba ẹnu géètì ilé-ìwé kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ni, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré tó kọjú sí géètì náà gan-an, èyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Àwọn obìnrin tí mo rí á tó ọgọ́ta. Ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, alátà wà níbẹ̀. Ìyá kan pọn ọmọ, ó sì di ìgbálẹ̀ mú, nítorí ọjọ́ ìmọ́tótó ọjà ni, Òyìngbò kì í sì í ṣí lọ́jọ́ náà títí di aago mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n ń pariwo ni pé, "Ẹ kó àwọn ọmọ wa jáde! Ilé ti fẹ́ wó! Ẹ ò sì ní wó o! Ẹ ò ní tà á!"

Ilé fẹ́ wó, wọ́n fẹ́ wó ilé, wọ́n ti ta ilẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ń ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n ta ló ráyè fara balẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọgbà?

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo ti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ Ajé. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tó ṣàlàyé rẹ̀. Èmi ni mo ṣe fọtókọ́pì rẹ̀, ẹ̀dà 320, mo gba owó mi, mo sì panu mọ́. Ọmọ mi méjì wà nílé-ìwé yẹn, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò ni mo fẹ́ sọ.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀búté Mẹ́tta lè fojú inú wo ọgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọ ọ́: ọgbà kan, géètì kan, ilé-ìwé ìjọba méjì nínú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú olórí tirẹ̀, tí àwọn ọmọ méjèèjì sì ń ti ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Lápá ọ̀tún ni ilé gígùn kan wà tí àwọn àgbà ń pè ní ilé Jákáńdè. Láàárín ọdún 1979 sí 1983 tí Lateef Jákáńdè fi ṣe gómìnà Èkó ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri, kí àwọn ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé àárọ̀ àti ilé-ìwé ọ̀sán. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, wọ́n ní ilé adìẹ ni. Ilé adìẹ ọ̀hún ló ṣì ń gba ọmọ wa títí dòní.

Nínú òjò oṣù kẹwàá ni ògiri kíláàsì tó wà ní ìkángun ilé náà là. Kì í ṣe lílà tí a lè fi ọ̀dà bò. Ọmọkùnrin kan ní Pírámárì 4 ti ń ki pẹ́ńsù bọ inú rẹ̀, ó ń pè é ní báńkì òun. Olórí ilé-ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní HM, kọ̀wé lọ sókè kíákíá, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀dọ̀ mi ló ti tẹ ìyẹn náà. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń yẹ ilé wò fi dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà kúkúrú dí orí àti ìdí ibi tó là, wọ́n sì kọ déètì ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá ṣe fọtókọ́pì lọ́dọ̀ mi, mo sì bi í ní ohun tí ìlà yẹn wà fún. Ó ní bí lílà náà bá kọjá ìlà pupa nígbà tí àwọn bá padà dé, a jẹ́ pé ògiri ṣì ń rìn. Bí kò bá kọjá, ó ti dúró nìyẹn.

Ọgbọ́n tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀dà pupa jẹ́ lójú ará Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjì ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ìwé nọ́sìrì àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta wó ní òpópónà Ìbàdàn, ní Ẹ̀búté Mẹ́tta wa níbí. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò yìí ti rí ilé tí LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára, ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn X, katapílà ló kù. Àwọn ayẹléwò fa ìlà, àwọn ìyá rí X. Mi ò rò pé àwọn ìyá ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká wá wo lẹ́tà náà. Ojú ìwé kan gbáko ni, òyìnbó ni láti òkè délẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ń kí àwọn òbí káàbọ̀ sí sáà tuntun, bẹ́ẹ̀ sáà ti wọ ọ̀sẹ̀ keje. Ìkejì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìkẹta ń rán wa létí yunifọ́ọ̀mù àti irun gígẹ̀. Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ gan-an fara pamọ́ sí: pé nítorí ipò tí "Block B", ìyẹn ilé Jákáńdè, wà, àwọn ọmọ Pírámárì 4 àti 5 yóò kó lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kejì nínú ọgbà kan náà láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, fún ìgbà díẹ̀, kí òbí má fòyà. Ìkarùn-ún pe ìpàdé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú. Mo tẹ̀ ẹ́ láìka ohun tí mo ń tẹ̀ sí, bí a ṣe máa ń tẹ lẹ́tà ọ́fíìsì. Àṣìtẹ̀ nìkan ni mo ń wá.

Wọ́n pín in fún àwọn ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ogun ti parí, tíṣà Pírámárì 5 ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tú báàgì sórí tábìlì. Ọmọ 46 ló wà níjókòó. Lẹ́tà 29 ṣì wà ní ìsàlẹ̀ báàgì, ó ti rún, ó ti gba àwọ̀ epo. Mẹ́rin ti di ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ kan fọwọ́ sọ̀yà pé òun fún ìyá òun ní tòun, ìyá sì gbà á tayọ̀tayọ̀: ẹ̀pà ni ìyá ń tà, ìwé tó mọ́ bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò.

Ọmọbìnrin kan wà tó ka tiẹ̀ sí ìyá ìyá rẹ̀ létí. Ọmọ tó gbọ́n ni, mo mọ̀ ọ́n. Ó ka òyìnbó dáadáa, ó fo àwọn ọ̀rọ̀ tó le, ó sì túmọ̀ ìyókù fún ìyá àgbà pé, "Mọ́mọ́, wọ́n ní nítorí búlọ́ọ̀kù, wọ́n máa kó Pírámárì 4 àti 5 lọ síbòmíràn." Ìyá àgbà tún béèrè: "Búlọ́ọ̀kù? Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé?" Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo tọ ipa irọ́ náà dé ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni mo bá a. Kò sí òpùrọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ túmọ̀, àgbà ronú, ó sì bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè pé ta ló fẹ́ kọ́lé sínú ọgbà ilé-ìwé.

Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Láti ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó wá sí Òyìngbò, kò sẹ́ni tí kò gbà ní àdúgbò wa pé ilẹ̀ ti di wúrà, pé ẹnikẹ́ni lè jí lọ́jọ́ kan kó bá pílásà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ìpàdé Ọjọ́rú wáyé. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé tí à ń pè ní SBMC, tí olórí ilé-ìwé jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, tí ipò wọn sì mú kó di dandan kí wọ́n wá. HM dúró títí di aago mọ́kànlá, ó pa ìpàdé tì. Ó yà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ṣé ẹ rí i? Àwọn òbí wọ̀nyí ò bìkítà. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ni mo ní kí wọ́n wá gbà, géètì ì bá ti ya." Mo ní, "Ẹ máa bínú, ma." Mo tilẹ̀ mi orí sí i. Lójú tèmi náà, wọn ò bìkítà.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn àkọ́kọ́ dé sórí WhatsApp àwọn ẹlẹ́ja. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Obìnrin kan ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé-ìwé. Òótọ́ ni. Ohùn kejì ní X ni wọ́n kọ, búlọ́ọ̀kù sì ń bọ̀. Nígbà tí ohùn kẹta fi máa dé, ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún oní-pílásà, àwọn ọmọ á sì máa lọ ilé-ìwé ọ̀sán níbòmíràn. Ilé-ìwé ọ̀sán yẹn ló bí àwọn ìyá àgbà nínú jù. Ọ̀kan nínú wọn tó lọ ilé-ìwé ọ̀sán nígbà èwe rẹ̀, tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ń ṣú, sọ ọ́ níwájú géètì lọ́jọ́ kejì pé, "Jákáńdè ti sin nǹkan yẹn. Ta ló lọ hú u?"

Bí a ṣe dé ẹnu géètì nìyẹn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó wáyé lọ́jọ́ náà ni pé ọlọ́dẹ ti géètì pa. Kò burú lójú tirẹ̀. Ó rí èrò, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n fún ìyá tó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé lé ọmọ rẹ̀ lórí, géètì tí wọ́n tì ni ẹ̀rí tó kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mi ín. Ìdè òkè já. Ẹni kan fara gbún agbada Ìyá Aláàkàrà tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, òróró gbígbóná dà sílẹ̀, Ọlọ́run ló ní kó má dà sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ inú ọgbà rí àwọn ìyá wọn tí wọ́n ń pariwo, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn ìyá gbọ́ ẹkún ọmọ, wọ́n tún gbé ariwo sókè.

HM jáde wá. Mo gbà fún un pé ó nígboyà, nítorí àwọn tíṣà kan ti wọ kíláàsì lọ. Ó dúró lẹ́yìn géètì, ó mú lẹ́tà jáde, lẹ́tà tí mo tẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn rara láti ìpínrọ̀ kìíní. Ó ti dé ibi irun gígẹ̀ kí obìnrin ẹlẹ́ja kan tó dá a dúró. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ má kàwé fún wa."

Mi ò lè gbàgbé ojú HM nígbà náà. Ó wo lẹ́tà, ó wo obìnrin yẹn. Kò sọ nǹkan kan.

Alága SBMC ló tú u. Bàbá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà, síńgílẹ́ẹ̀tì àti pákò ẹnu ló sì gbé dé ibẹ̀. Ó kí àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí ọlọ́dẹ. "Ṣí i. Jẹ́ kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i." Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń wọlé. Bàbá àti HM kó wọn lọ sídìí ògiri, HM sì gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ oníbáńkì yẹn, ó kì í bọ inú lílà náà níwájú wọn. Ó wá fi Yorùbá sọ ọ́: ògiri ló là, a ò fẹ́ kó wó lé ọmọ yín, ìdí tí a fi ń kó wọn kúrò nìyẹn, inú ọgbà yìí náà ni wọ́n máa wà, àárọ̀ náà ni wọ́n á máa wá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn obìnrin Ègùn tí wọ́n ń wá láti apá Makoko ní kí ọ̀kan nínú wọn tún un sọ fún àwọn lédè wọn. Bàbá Ìgbò kan tó ń ta páàtì mọ́tò gbọ́ tirẹ̀ ní pijin lẹ́nu tíṣà Pírámárì 2. Ní ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́wàá, ẹnu géètì ti ṣófo. Ọjà fẹ́ ṣí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nídìí ògiri yẹn tí kò sí nínú lẹ́tà kankan. Nígbà tó kan àwọn Ìyá Aláàkàrà láti wọlé, kò wo lílà rárá. Ó yí lọ sẹ́yìn ilé, ó nawọ́ sí gọ́tà tó wà láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì. Nylon omi, pàǹtí ọjà àti iyẹ̀pẹ̀ ti dí i pa, omi dúdú sì dúró sí ìdí ilé. "Mo sọ ọ́," ló wí. "Nínú oṣù kẹjọ ni mo sọ ọ́ fún ọlọ́dẹ pé omi ń dúró sẹ́yìn ibí yìí." Ọlọ́dẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́. Ta ni ọlọ́dẹ sọ ọ́ fún? Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi nígbà náà, nígbà tí wọ́n sì wọlé, ó ti gbàgbé. Ohun kan náà ni àwọn ayẹléwò wá sọ nígbà tí wọ́n padà dé: omi ló ń jẹ ìdí ilé náà. Wọ́n lo ẹ̀rọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Obìnrin tó ń dín àkàrà ti mọ̀ ọ́n ní oṣù méjì ṣáájú, nítorí ẹ̀fọn inú gọ́tà náà ló ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n yí èrò mi padà nípa ọ̀rọ̀ pé òbí ò bìkítà. Ìròyìn ilé-ìwé kò dé àdúgbò, ti àdúgbò náà kò dé ilé-ìwé. Géètì kan náà ló há méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, SBMC pe ara wọn jọ nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ní kí èmi, Ìyá Aláàkàrà àti ẹlẹ́ja tó dá HM dúró wá jókòó. HM gbèjà ara rẹ̀, ó sì ní ẹjọ́ rò. Òyìnbó ni wọ́n ń fẹ́ lẹ́tà ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wọ fáìlì, bí wọ́n bá sì wá yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni wọ́n máa bi. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń fetí sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń yé mi: ọ̀gá rẹ̀ ló kọ lẹ́tà yẹn sí, àwọn òbí ni wọ́n kàn fi jíṣẹ́ fún.

Alága béèrè ìdí tí wọn kì í fi í wá ìpàdé. Ẹlẹ́ja dáhùn pé, "Aago mẹ́wàá Ọjọ́rú, bàbá? Ìgbà tí àwọn olóúnjẹ ń wá ra ẹja ni. Kí n fi ẹja sílẹ̀ kó bàjẹ́ torí kí n wá gbọ́ gúdú mọ́nìn? Ẹ sì tún mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní ìpàdé òbí, owó ni." Ó sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn láìwo ojú HM. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ náà di ọ̀fẹ́, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n etí òbí ti mọ́ owó àga, owó ọlọ́dẹ, owó ìdánwò. Alága ní láti ọjọ́ náà lọ, wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ owó ní ìpàdé òbí, bó ti wù kó rí. Ìpinnu yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò jíròrò lé e lórí tó ìṣẹ́jú méjì.

Ẹlẹ́ja tún ní, "Ọjọ́bọ̀ lẹ rí wa, torí Ọjọ́bọ̀ la ráyè." Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọjọ́: aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó parí kó tó di aago mẹ́sàn-án. Àwọn aṣojú ìmọ́tótó ọjà ò kọ́kọ́ fẹ́, wọ́n ní àwọn obìnrin fẹ́ fi ìpàdé sá fún ìgbálẹ̀. Irọ́ kọ́ pátápátá ni.

Ta ni yóò wá máa kéde rẹ̀? Wọ́n dárúkọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Aláàkàrà ní, "Bàbá Alájọ ńkọ́? Kò sí ọjọ́ tí kì í rí gbogbo wa. Mo ti gbìyànjú láti sá fún un, kò ṣeé ṣe." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ Alájọ Ṣómólú tí wọ́n fi ń yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, tó ń gba àjọ láìkọ ọ́ sílẹ̀ tí kì í ṣi ẹnikẹ́ni san. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ó ń kọ tirẹ̀ sí káàdì, ṣùgbọ́n ó mọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ọmọ ta ló wà níbo. Nígbà tí a ránṣẹ́ pè é, ó gbà, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ní jíṣẹ́ tó bá gùn ju àkókò tí òun fi ń ka owó lọ, òun ò sì ní jíṣẹ́ owó láé. "Ẹnu tí mo fi ń gba àjọ ni ẹ fẹ́ kí n fi sọ ọ́. Bí mo bá fi bèèrè owó ìjọba, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn."

Òfin rẹ̀ ló kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé. Láti ìgbà náà, kí HM tó kúrò lọ́dọ̀ mi, màá bi í léèrè: kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe kan ọmọ wa, kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Ìdáhùn náà ni mo ń tẹ̀ ní Yorùbá àti ní pijin, lẹ́tà gàdàgbà, ìdajì ìwé. Ti òyìnbó ń lọ sínú fáìlì. Wọ́n gbé pátákó kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àwọn ọmọ Pírámárì 6 sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i. Fún àwọn òbí tí wọ́n ń jáde lọ sí Erékùṣù láago márùn-ún ìdájí, HM fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ sórí WhatsApp. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ náà gùn bí ìwàásù. Ó ń kúrú díẹ̀díẹ̀.

Mo ka àwọn tó wá ìpàdé Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́: 74. Ìkejì, 58. Ìkẹta, tí òjò rọ̀ láti òru, 31, àwọn bàbá inú rẹ̀ ò sì ju mẹ́ta lọ. Wọ́n máa ń ní ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Tíṣà Pírámárì 2 ló ní kí ilé-ìwé má ṣe bíi ti ọjà. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ lárààárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ òbí, ẹni tí kò bá sì wá lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Alájọ á bi í léèrè bóyá àlàáfíà ni. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n má sọ òun di ọmọ ilé-ìwé.

Kò lọ geere. Òjò nu pátákó náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan, a bá góòlù Arsenal àti Chelsea níbi tó yẹ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Bàbá Alájọ náà ṣi ọjọ́ ìsinmi sọ ní oṣù kejìlá, ogún ìyá sì ti kó aṣọ Kérésì wọ ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní àjọ òpin ọdún ló gbà á lọ́kàn.

Ní ti ògiri, àwọn bàbá bíríkìlà mẹ́ta wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì àti ṣọ́bìrì, wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ayẹléwò kọ̀ jálẹ̀, ó sì bí àwọn bàbá náà nínú. Àwọn ayẹléwò ni mo dúró tì. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bo lílà, a ò ní rí i mọ́ bí ó ṣe ń rìn, ọmọ á sì tún padà jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni kíkọ́lé. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni gọ́tà. Àwọn ìyá kó o lọ́jọ́bọ̀ kan, àwọn tí ìsọ̀ wọn fẹ̀yìn ti fẹ́ǹsì sì gbé ike ìdalẹ̀nù kalẹ̀. Wọ́n dá owó ẹ̀wà àti òróró Ìyá Aláàkàrà náà padà fún un láàárín ara wọn, kò sẹ́ni tó pè é ní owó ilé-ìwé.

Pírámárì 4 àti 5 lo oṣù mẹ́fà nínú gbọ̀ngàn, wọ́n kọ̀yìn síra, pátákó kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọmọ mi ní ìṣirò Pírámárì 5 lòun ń gbọ́ nígbà tí tíṣà tòun ń kọ́ àwọn lédè. Àwọn òṣìṣẹ́ wá nínú ẹ̀rùn, wọ́n gbẹ́ ìdí ògiri náà, wọ́n fi kọnkéré gbè é nísàlẹ̀, wọ́n sì tú apá tó là kọ́. Ní sáà kẹta ni àwọn ọmọ padà. Ọmọ oníbáńkì náà ní ṣe ni wọ́n ti báńkì òun pa.

Ní oṣù kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé HM wa lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ó wá dágbére fún mi, ó ra ìwé rírọ̀ méjì lọ́wọ́ mi tí mo mọ̀ pé kò nílò. Ọ̀sẹ̀ kejì, olórí tuntun wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú lẹ́tà tó ti fọwọ́ kọ. Ojú ìwé kan gbáko, òyìnbó láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n ṣe é ní ẹ̀dà 320.

Mo tẹ ìpínrọ̀ kìíní tán. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ma," mo ní, "ta ló máa kà á?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa. "Àwọn òbí ni."

Mo na ọrùn sóde, mo pe Ìyá Aláàkàrà pé kó fọwọ́ nu òróró, kó sún mọ́ wa díẹ̀.